Àgbáyun Etí Odò Alákàn

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2023.

Ìyá mi, olóbì Ẹgbẹ́dá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́? Èmi wà dáadáa, òtútù nìkan la jọ ń fà á.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Abà Ìyàndá ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín kò ju "hẹlóò" mẹ́fà lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí gùn, mo sì fẹ́ kí ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ẹ lọ kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Mo ti kúrò níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ilé ìpamọ́ irúgbìn ni mo wà báyìí. Ilé ńlá ni, apá kan rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì ju ti inú fírísà lọ. Irúgbìn ewéko inú igbó ni wọ́n ń kó síbẹ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, àwọn ewéko tó ń tán lọ lórí ilẹ̀. Wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á mú kí wọ́n gbẹ títí omi ara wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n á rọ wọ́n sínú ìgò, wọ́n á wá gbé ìgò náà wọ inú òtútù. Wọ́n ní òmíràn lè sùn níbẹ̀ fún igba ọdún kí wọ́n tó jí i, kó sì hù. Iṣẹ́ tèmi kò tíì ga. Èmi ni mò ń fọ irúgbìn, tí mo sì ń kọ orúkọ sára ìgò. Ṣùgbọ́n ó wù mí débi pé mo máa ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Helen, bi mí pé kí ni mo mọ̀ nínú igbó ilẹ̀ wa tí kò sí nínú ìgò àwọn. Ẹnu mi kàn sọ pé àgbáyun. Mo sọ fún un bí a ṣe máa ń já èso pupa kékeré yẹn jẹ létí odò Alákàn, tí a ó wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, tí gbogbo kíkan ọsàn náà á di adùn lẹ́nu. Ó bi mí pé igi mélòó ló kù. N kò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kóró rẹ̀. Nígbà tó bá pọ́n, ẹ bọ́ ara rẹ̀ kúrò, ẹ fọ kóró náà, kí ẹ sì sá a lóòrùn kó gbẹ dáadáa bí àgbàdo tí a fẹ́ gbìn. Ọ̀gbẹ́ni Elijah, tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, yóò wá gbà á lọ́wọ́ yín. Òun ló ní ìwé àṣẹ. Ẹ má fi rán ẹlòmíràn o, ẹ má sì kì í sínú èlùbọ́ bí ẹ ti ki irú lọ́jọ́sí.

Ọmọ yín,
Kifayah.


Abà Ìyàndá, lọ́nà Ẹgbẹ́dá,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2023.

Kifayah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo gba ìwé rẹ lọ́wọ́ Tíṣà Gbọ́njúbọ́lá, nítorí ilé ìwé wọn ni wọ́n ń kó lẹ́tà gbogbo abà wa sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bí o ti wí, mo tún kà á sókè lẹ́ẹ̀kẹta. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí, òun ló ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Mo ní ìbéèrè. Irúgbìn tó ń sùn yìí, ṣé ó ń mí? Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Tí igba ọdún bá pé, ta ni yóò rántí pé ó wà níbẹ̀, nígbà tí ẹni tó kọ orúkọ sára ìgò ti kú, tí ọmọ rẹ̀ náà ti kú? Ta ló ni ín, àwa ni àbí àwọn? Kí sì ló dé tí àwọn òyìnbó fi ń tọ́jú ohun tí wọn kò mọ bó ṣe ń dùn? N kò fi bú wọn o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé rẹ, kò sí èso tí mo jẹ tí n kò yẹ kóró rẹ̀ wò.

Àgbáyun ń bẹ. Mo lọ wò ó lánàá. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, kò sẹ́ni tó ń ka iye igi àgbáyun létí odò Alákàn. Lánàá mo kà á, mẹ́ta péré ni. Wọ́n ti yọ èso, kò tíì pọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí èèkàn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa káàkiri ilẹ̀ náà, mo sì lọ béèrè. Àbúrò bàbá yín ló ta á, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Bọ̀dá Roheem, tí èmi ń pè ní Akọ̀wé, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Àwọn tó ń kọ́lé bọ̀ láti Olódò ló rà á. Ó ní ìpín tòun nínú ogún ni, òótọ́ sì ni. Ó ní bí òjò bá ti dá, wọn yóò ro gbogbo rẹ̀.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kóró àgbáyun tutù nínú, ó jọ obì ju àgbàdo lọ. Obì kì í rí oòrùn. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé, bí o bá ní kí n sá a, n óò sá a.

Ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú kóró fún igba ọdún yẹ kó lè wá wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́fà. Ọdún kẹfà rèé. A ṣe fìdáù bàbá rẹ, o kò sí níbẹ̀, o ní ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́. Mo gbọ́. Mo kàn ń rán ọ létí ni.

Èmi ìyá rẹ,
Àpèkẹ́.


Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, 2023.

Ìyá mi,

Mo kí yín o. Mo ka ìbéèrè yín fún Helen. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń wá wo ilé yìí, kò sẹ́ni tó béèrè èyí tó kẹ́yìn yẹn rí.

Wọ́n ń mí, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ nìkan fi lè mọ̀. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ méjì wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ní ti ẹni tí yóò rántí, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń jí díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá yóò hù, orúkọ odò àti orúkọ ẹni tó kó o sì wà nínú ìwé. Àwa la ni ín. Ìdajì yóò wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ Elijah, ìdajì yóò wá síbí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á. Ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú ohun tí wọn kò tọ́ wò, mo ti kọ ìbéèrè yẹn sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ mi.

Ní ti oòrùn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ obì yàtọ̀. Ìwé tí a fi ń ṣiṣẹ́ níbí sọ ọ́ kedere pé kóró tí kò bá gbẹ, omi inú rẹ̀ yóò di yìnyín, yóò sì fọ́ ọ. Ẹ sá a fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, kí ẹ má kánjú ká a.

Igi mẹ́ta yẹn kó mi lọ́kàn sókè. Ẹ bá mi bẹ Bọ̀dá Roheem kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gé wọn, n kò mọ ibòmíràn tí àgbáyun kù sí ní agbègbè wa.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Òótọ́ ni pé ìwé ìgbélùú mi ti jáde láti oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i.

Kifayah.


Abà Ìyàndá,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Keje, 2023.

Kifayah,

A kú àìrí ara wa. Àgbáyun pọ́n. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo ń lọ kí àwọn ẹyẹ tó dé, torí àwọn náà mọ ohun tó dùn. Kóró mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ni mo rí lórí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò lè da ara rẹ̀ nù, nítorí náà mò ń jẹ ẹ́, mo sì ń tu kóró rẹ̀ sínú igbá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mu ògì kíkan láìfi ṣúgà sí i. Mo jẹ ìyeyè tí kò pọ́n, mo tún ṣẹ́ ewé èfìnrìn sẹ́nu kí n lè mọ̀ bóyá àgbáyun ń sọ ìkorò náà di dídùn. Kò sọ ọ́ di dídùn. Kíkan nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Kọ ìyẹn náà sínú ìwé yín.

Akọ̀wé wá kí mi. Mo fún un ní àgbáyun méjì àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé, ó mu ọsàn mẹ́ta tán. Mo wá bẹ̀ ẹ́ nítorí igi mẹ́ta náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ra ilẹ̀ ra ohun tó wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun.

Mo sá kóró náà sórí páànù lẹ́yìnkùlé fún ọjọ́ márùn-ún bí o ti wí. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ tó ń dán ti ṣá. Lọ́jọ́ kẹta mo mì í létí, mo gbọ́ tó ń ró nínú èèpo rẹ̀. Obì tó bá ń ró báyìí, èmi kò ní kó o lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n mo ṣáà sá a títí ọjọ́ márùn-ún fi pé, torí ìwọ lo wà nílé irúgbìn, èmi wà nídìí agbọ̀n obì.

Elijah gun ọ̀kadà wá. Ọmọlúwàbí ni. Mo ka ọgọ́ta kóró fún un, ó kọ orúkọ odò sílẹ̀, ó sì kọ orúkọ mi pé èmi ni mo kó o. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi ìyá rẹ.


Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Ìròyìn tí mo ní kò dára. Níbí àti lọ́dọ̀ Elijah ní Ìbàdàn, a gé ogún kóró sí méjì, inú gbogbo wọn ti dúdú. A kó ogójì tó kù sínú àwo ọ̀rinrin kí wọ́n hù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò sí ẹyọ kan tó yọ. Òkú ni gbogbo wọn. Ojú tì mí níwájú Helen, torí ojoojúmọ́ ni mo ti ń ròyìn àgbáyun fún un.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ kò gbé e sórí àjà, lókè iná? Mo mọ̀ yín, mo mọ bí ẹ ti ń ṣe àgbàdo irúgbìn. Ooru iná ló ń pa kóró bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni mo kọ, mo sì kọ ọ́ kí ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní ẹ tẹ̀lé e ni, ọ̀rọ̀ kò ní rí báyìí. Igi mẹ́ta ló kù, ọdún yìí nìkan la sì ní.

Kifayah.


Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Ìyá mi,

Ẹ kò tíì dá mi lóhùn, síbẹ̀ mo tún ń kọ̀wé.

Helen lọ bi ẹnì kan tó mọ àwọn igi ilẹ̀ wa. Ẹni náà ní kóró àgbáyun wà lára àwọn tí kì í gba gbígbẹ. Ọjọ́ tó bá gbẹ ló kú. Kò sì gba òtútù. Kò sí ìgò kan ní gbogbo ilé yìí tó lè gbà á. Ó ní orógbó bẹ́ẹ̀, obì náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Helen dárúkọ obì, mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ mumi.

Ẹ ti sọ ọ́ fún mi nínú ìwé yín àkọ́kọ́. Ẹ ní obì kì í rí oòrùn. Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ obì yàtọ̀. Ìwé tó wà fún irúgbìn mìíràn ni mo gbé lé àgbáyun lórí láìbéèrè, èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹni tó fẹ́ mọ̀. Èmi ni mo pa wọ́n, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù yín. Mo kúnlẹ̀, ìyá mi. Ẹ foríjì mí.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí igi mẹ́ta yẹn wà láàyè níbi tí wọ́n wà. Mo ti kọ̀wé sí Bọ̀dá Roheem fúnra mi. Ẹ dákun, ẹ fèsì, kódà bó jẹ́ láti bú mi ni.

Kifayah.


Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá, 2023.

Ìyá mi,

Ìwé méjì ni mo ti kọ, èyí ni ẹ̀kẹta. Fóònù yín kò lọ rárá. Mo bẹ Elijah kó wá wò yín. Ó ní gbogbo etí odò ti di ilẹ̀ pupa, ojú ẹsẹ̀ katapílà lọ títí dé inú omi, òun kò sì rí igi kankan. Ó kan ilẹ̀kùn yín, àgádágodo ló bá níbẹ̀. Aládùúgbò kan ní ẹ lọ sí Moniya, òmíràn ní òun rí yín ní Olódò, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ẹ kì í jókòó sílé mọ́.

N kò ronú igi mọ́. Ó ti lọ, mo gbà. Kí ni ẹ ń wá kiri pẹ̀lú orúnkún yẹn? Ẹ kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé ara yín le.

Kifayah.


Abà Ìyàndá,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 2023.

Kifayah, ọmọ Àpèkẹ́,

Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Fóònù mi ló bọ́ sínú àmù.

Ìwé rẹ ti ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kà á. O pè mí ní onírọ́, inú sì bí mi gidigidi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ ránṣẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Mo ní n kò ní fi ọwọ́ kan bírò títí inú mi yóò fi rọ̀. Nígbà tí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ dé, inú mi rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ni katapílà dé. Òjò kò tilẹ̀ tíì dá. Mo lọ dúró níbẹ̀, n kò pariwo. Awakọ̀ náà bi mí pé kí ni mò ń wò, mo ní àgbáyun ni. Kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Yorùbá bíi tèmi, kò tọ́ ọ wò rí. Àwọn igi náà tún ti so díẹ̀, mo já mẹ́rin fún un, mo fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà nínú àpò mi. Ó mu ún, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó jókòó. Ó ń bi mí pé kí ni mo ṣe sí òun lẹ́nu. Ó dúró dè mí títí mo fi já gbogbo èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, n kò sì dá a lẹ́bi. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo délé.

Wàyí o, ìwọ ọmọ tó fẹ́ràn ìbéèrè, o kò ka ìwé mi dáadáa. Mo ní mo rí kóró mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Mo ní mo ka ọgọ́ta fún Elijah. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó kù dà? O kò béèrè.

Àgbẹ̀ kì í kó irúgbìn rẹ̀ tán fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ rẹ̀. Mo sá tìrẹ bí o ti wí, mo sì ṣe tèmi bí ìyá mi ti kọ́ mi láti máa ṣe obì. Mo fi ewé gbòdògì tútù tẹ́ agbọ̀n, mo kó kóró náà sáàárín obì, mo fi ewé bò ó. Ọjọ́ márùn-márùn-ún ni mò ń tú u, tí mò ń ṣa èyí tó bá rà kúrò, tí mò ń pààrọ̀ ewé. Bí ewé bá tutù jù, kóró yóò bu. Bí ó bá gbẹ jù, yóò rọ. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Nínú oṣù Kẹjọ, mo tú agbọ̀n, mo rí i tí ọ̀kan ti yọ ẹnu funfun. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó, n kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kànlélógójì ló hù. Inú ọ̀rá omi mímu ni mo gbìn wọ́n sí, lábẹ́ ibòji ẹ̀yìn balùwẹ̀. Kóró tí awakọ̀ jẹ́ kí n já wà nínú agbọ̀n báyìí, n kò tíì mọ iye tí yóò hù.

Ohun tí mò ń wá kiri nìyẹn. Mo kó mẹ́wàá fún àwọn olóbì ẹlẹgbẹ́ mi ní Moniya, mo kó márùn-ún lọ sí Olódò, Tíṣà Gbọ́njúbọ́lá gbin mẹ́ta sí ọgbà ilé ìwé. Èyí tó kù wà ní ilé káàkiri. Mo ṣe òfin kan. Ẹni tó bá gbà á, nígbà tó bá so, kóró mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe tirẹ̀, ilé mẹ́ta mìíràn ló ni ín, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó rí oòrùn. Akọ̀wé náà wá gba méjì. Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò bi í ohun tó wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò. Orúkọ gbogbo ilé wà nínú ìwé kan lábẹ́ ẹní mi. Sọ fún Helen pé ilé ìpamọ́ tèmi kò lo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá ní ìbéèrè, kó kọ̀wé.

Mo ti fún ogójì jáde. Ọ̀kan tó kù wà lẹ́bàá àmù, níbi tí o máa ń jókòó sí mu ẹ̀kọ. Orúkọ rẹ ni mo kọ sí i nínú ìwé. Elijah padà wá lánàá, mo bi í bóyá ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí ọ, ó ní rárá, yóò kú lọ́nà. Mo ní mo mọ̀, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé ni. Mò ń bomi rin ín láràárọ̀. Igi yìí kì í yára dàgbà, ọmọ mi, àmọ́ èmi ń yára darúgbó.

O kọ ọ́ pé ìwé ìgbélùú rẹ ti jáde láti oṣù Kẹrin. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wá gbìn ín.

Èmi ìyá rẹ,
Àpèkẹ́.